Ìyá Onídígí àti Ọkọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Dúró

Ìyá Onídígí, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, kan wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri ilé rẹ̀ lóṣù tó kọjá, láti ìdí àpótí tó ń tan iná wíníwíní ní pálọ̀ títí dé ìdí kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kàn án. Ó gun àga, ó kó ìṣó kéékèèké sẹ́nu, ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí aránṣọ tó ń yọ abẹ́rẹ́. Ọkọ rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àga mú.

"Ṣé a fẹ́ máa sá aṣọ sí i ni?" ni ọkọ bi í.

Kò dáhùn. Ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí ìṣó, kò ní dáhùn. Ẹ̀rù ń bà á, kì í sì í ṣe ẹ̀rù àtijábọ́ lórí àga.

Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ yẹn. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gé dígí awò ojú nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, láàrin ilé ìfowópamọ́ àti ibi tí wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́. Dókítà ojú á yẹ oníbàárà wò níwájú, á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sẹ́yìn. Ìyá Onídígí á wá fi dígí sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, omi á máa ta sí i lápá, eruku funfun á máa ṣàn bí ìyẹ̀fun sínú ike tó wà nísàlẹ̀. Bí dígí bá jókòó sínú férémù láìdún, láìmì, á gbé e sókè sí iná, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, á ní, "Ó ti wọlé." Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi ìyẹn yangàn fún àwọn oníbàárà. Wọn ò mọ̀ pé inú rẹ̀ ló ń gbọ̀n.

Nírọ̀lẹ́, bí aago méje bá ti lù, obìnrin yìí á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á sì máa gbá géèmù. Géèmù ọ̀hún kò ṣòro. Èèyàn méjì ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni iwájú ń fi àjẹ̀ rẹ̀ tukọ̀ lápá ọ̀tún, ẹni ẹ̀yìn ń fi tirẹ̀ tù ú lápá òsì. Bí wọ́n bá jọ ń tù ú, ọkọ̀ á máa gba àárín àpáta lọ geere. Bí ẹnì kan bá dúró, ọkọ̀ á máa yí lójú kan náà títí á fi lọ forí sọ òkúta. Ẹni iwájú yìí ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí gbogbo ilé ń pè ní Dúdú. Iṣẹ́ Dúdú ni kó máa ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ìlú tó ti ń ṣe é jìn, òwúrọ̀ ni bọ́ọ̀sì ń gbéra, ilẹ̀ ti ṣú kó tó débẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé nínú ilé rẹ̀.

Ohun tí ìyá mọ̀, tí bàbá mọ̀, tí dókítà mọ̀, tí ẹnikẹ́ni mìíràn nínú ẹbí kò mọ̀, ni pé wárápá ń ṣe Dúdú. Ọdún tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ló bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé, "àlejò" ni wọ́n ń pè é. "Ṣé àlejò yẹn wá lánàá?" "Rárá, kò wá." Oògùn ń lé e jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lé e lọ pátápátá, ìrọ̀lẹ́ ló sì fẹ́ràn láti máa wá, nígbà tí iṣẹ́ bá ti tán Dúdú lókun. Dúdú fúnra rẹ̀ ló mú ìyá àti bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé wọn ò ní sọ. "Màmá, ọjọ́ tí àwọn ará ilé Bàbá mi bá gbọ́, mi ò ní jẹ́ Dúdú mọ́. Màá di 'ọmọ tó ń ṣàìsàn yẹn' títí màá fi darúgbó."

Nígbà tó ṣì wà nílé, àdéhùn ògiri ni wọ́n ní. Bí Dúdú bá ń wẹ̀, ìyá rẹ̀ á lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri balùwẹ̀, á fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó. Dúdú náà á kàn án padà, kó, kó. Kò sí "Ṣé o wà níbẹ̀?" nínú rẹ̀, nítorí ọmọ tó ti dàgbà kì í fẹ́ kí wọ́n máa bi òun bóyá òun ṣì wà. Lẹ́ẹ̀kan péré ni ògiri kò dáhùn. Lọ́jọ́ náà, bàbá fi èjìká já ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Pátákó tí wọ́n fi lẹ ibi tó ya ṣì wà níbẹ̀ dòní, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ikán ló jẹ ẹ́.

Nígbà tí Dúdú wá ríṣẹ́ sọ́nà jíjìn, ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́. Ó pè é débi pé ọ̀gá Dúdú bi í bóyá ó ní ẹjọ́ nílé.

"Màmá mi, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti pè mí láti àárọ̀?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o ti jẹun ni."

"Ẹ bi mí bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ yìí, mo ní mo ti jẹun. Ẹ tún ń bi mí báyìí. Ṣé màlúù ni mí ni?"

Ìyá rín ẹ̀rín, omi sì ti lé sí i lójú.

Dúdú ló dábàá géèmù. Aago méje sí aago mẹ́jọ, lójoojúmọ́. "Bí mo bá ti ń tukọ̀, ẹ ti rí mi nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo wà, ẹ gbé àjẹ̀ yín sókè lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà á gbé tèmi. Ògiri wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n fóònù yẹn, Màmá, ẹ jẹ́ ó sinmi." Bí obìnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí kọ̀ǹpútà ṣe di atukọ̀ nìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo àpáta inú odò yẹn ló mọ̀ ọ́n lójú. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, oúnjẹ alẹ́ sì ń dà nínú rẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ ti lọ.

Àǹtí Bàtà ló wá da omi rú, kò sì mọ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ni. Wọ́n wó ilé tí ṣọ́ọ̀bù bàtà rẹ̀ wà láti fi fẹ títì, ló bá kó páálí bàtà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Páálí kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ lèèyàn fi ń rìn lọ sí ilé ìdáná. Kò sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, ó wá sọ pálọ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Nírọ̀lẹ́, á gbé fóònù sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á tan iná rogodo kan sí ojú ara rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láìfù, fídíò tí àwọn oníbàárà ń wò lójú ẹsẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ rere! Ẹ wo gìgísẹ̀ eléyìí, ẹ wò ó dáadáa!" Aago méje ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń dé láti ibi iṣẹ́. Aago méje náà sì ni ọkọ̀ ń gbéra lódò.

Láti ọ̀sẹ̀ tí Àǹtí Bàtà ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kò lọ geere mọ́. Á lọ díẹ̀, á dúró. Dúdú inú géèmù á gbé àjẹ̀ sókè, àjẹ̀ náà á wà lókè bẹ́ẹ̀, omi á dúró, ẹyẹ tó ń fò lójú ọ̀run á dúró. Lẹ́yìn náà, ohun gbogbo á fò síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á ti wà lórí àpáta. Bí ó bá ti dúró báyìí, Ìyá Onídígí á sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Á gbé àjẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní rí èsì. Á gbá fóònù mú.

"Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni!"

"Mo rò pé..."

"Mo mọ ohun tí ẹ rò. Ẹ ti rò ó lẹ́ẹ̀mẹta nírọ̀lẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́ o, bí ẹ bá tún pè mí nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, màá yọ géèmù yìí kúrò, kí kálukú wa sinmi."

Ó bá jáwọ́ nínú pípè. Bí ọkọ̀ bá dúró, á gbé ọwọ́ lé itan, á máa wí lábẹ́lẹ̀ pé, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Nígbà tó pẹ́, ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn lára. Àyà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ já mọ́.

Ìgbà tí Dúdú wálé sinmi ni ìyá rẹ̀ rí ojú ọgbẹ́ kan létè ọmọ náà nísàlẹ̀, ọgbẹ́ tó ti jinná.

"Kí ló ṣe ọ́ níbẹ̀ yẹn?"

Dúdú fẹ́ purọ́, ó sì wo ojú ìyá rẹ̀, ó fi í sílẹ̀. "Àlejò ni. Mo fẹnu gbá etí tábìlì."

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan bẹ́ẹ̀. À ń tukọ̀ lọ́wọ́ ni. Nígbà tí mo jí, ọkọ̀ wa ti wà lórí àpáta, ẹ̀yin sì jókòó ń dúró dè mí. Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan, èmi náà ò sọ. Mo ní ẹ ti rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Ìyá Onídígí rántí ọjọ́ náà. Ó rántí pé òun tilẹ̀ dìde lọ bu omi mu, tí òun padà wá jókòó, tí òun ń kùn sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, òun ń mu omi. Láti ọjọ́ náà, kò rí oorun sùn dáadáa mọ́. Ohun kan ló ń fẹ́ nílé ayé: kí ọkọ̀ yẹn yé dúró lásán, kó lè jẹ́ pé ọjọ́ tó bá dúró, òun á mọ̀ pé ọmọ òun ló dúró.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú pẹ̀lú ẹnu. Ó lọ bá Àǹtí Bàtà ní pálọ̀, níbi tó ti ń fi aṣọ nu bàtà.

"Àǹtí mi, ẹ dákun, ṣé ẹ ò lè máa ṣe láìfù yín láago mẹ́jọ?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀ láago méje, ìyàwó wa?"

"Íńtánẹ́ẹ̀tì ni kì í tó wa. Mo máa ń... mo ń gbá géèmù kan."

Àǹtí Bàtà gbé bàtà sílẹ̀. "Géèmù. Ẹ̀gbọ́n mi o! Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìyàwó yín ń wí o! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé ọmọọmọ jó, òun ń wakọ̀ ojú omi nínú kọ̀ǹpútà."

"Mi ò bá yín jà, Àǹtí mi."

"Èmi náà ò jà. Mo kàn ń bèèrè ni. Ṣé omi inú rẹ̀ máa ń ta sí ọ lára?"

Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga, ó ń wo ìjàkadì nínú fóònù tirẹ̀, ó sì mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè, ojú òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe mẹ́rin, ó tún tẹ orí ba. Àwọn méjèèjì ló ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ìyá Onídígí padà sí yàrá, ó jẹ́ kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín.

Ibi iṣẹ́ ni ìrànwọ́ ti wá. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń so íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lé fún àwọn ènìyàn wọ ṣọ́ọ̀bù, apá awò rẹ̀ kan ti tú. Ìyá Onídígí gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń de nọ́ọ̀tì rẹ̀, ìṣó kékeré tó di apá awò mú, bó ṣe ń rojọ́ ilé fún un.

"Ṣé kí n ra ìlà tó tóbi jù èyí tí a ní lọ ni?"

"Ìlà yín tóbi tó, Màmá. Títò ló ń yọ yín lẹ́nu. Àwọn tó jókòó síta yẹn, kí ni wọ́n ń dúró dè?"

"Dígí. Mo ń gé e lọ́wọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò ní kí n lọ tò sẹ́yìn wọn?"

"Nọ́ọ̀tì lásán ni tìẹ. Nọ́ọ̀tì kì í tò. Ká ní mo ní kó tò, ẹni tí ò lò ju ìṣẹ́jú kan lọ á jókòó síbí dọ̀la."

Ọ̀gbẹ́ni náà na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ti parí ẹjọ́. "Géèmù yín, nọ́ọ̀tì ni. Ọ̀rọ̀ tó ń fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan: mo tukọ̀, mo tukọ̀. Fídíò tí Àǹtí yín ń tì jáde ni dígí. Àpótí tó wà nílé yín kò mọ̀yàtọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń dá lóhùn. Fídíò á kó ẹrù dí ẹnu ọ̀nà, nọ́ọ̀tì yín á máa nàró lẹ́yìn rẹ̀."

Ó ní kí wọ́n fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí náà, kí ọ̀rọ̀ yé fi afẹ́fẹ́ gba inú ògiri kọjá. Ó tún fi han Ìyá Onídígí lórí fóònù bó ṣe máa wọ inú ètò àpótí ọ̀hún, kó pàṣẹ fún un pé kó má ṣe jẹ́ kí ẹrù tó ń jáde kún ìlà dé ẹnu, kó máa ku díẹ̀, kó sì máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kéékèèké kọ́kọ́ kọjá.

"Ṣé kò ní pa Àǹtí mi lára?"

"Bí ẹ ò bá dín in kù jù, wọn ò ní mọ̀."

Ó dín in kù jù. Ẹ̀rù ló mú un ṣe é. Ó rò pé bí òun bá ti fún ọ̀nà pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ òun á ṣe ní àlàáfíà tó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kan wáyà yẹn, Àǹtí Bàtà bẹ̀rẹ̀ láìfù, ojú rẹ̀ nínú fídíò sì di bíríkì bíríkì. Àwọn oníbàárà ń kọ̀wé sí i. Ọ̀kan bi í pé, "Àǹtí, ṣé bàtà ni ẹ gbé dání àbí búrẹ́dì?" Òmíràn ní kó lọ bọ́jú. Àǹtí Bàtà lu fóònù lẹ́yìn, ó gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí ojú fèrèsé, ó bú ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù, ó bú bàbá wọn. Nínú yàrá, Ìyá Onídígí gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú tì í. Lọ́jọ́ kejì ó wọ inú ètò náà, ó tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fi dígí wá ẹnu férémù, títí ojú Àǹtí Bàtà fi mọ́ kedere, tí ọkọ̀ náà sì ń lọ.

Ó mà lọ o. Omi ń ṣàn, ẹyẹ ń fò, àjẹ̀ méjèèjì ń wọlé ń jáde bí ẹ̀mí. Kódà Dúdú kígbe nínú ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú géèmù pé, "Màmá! Ta ló kọ́ yín?"

Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni ẹ̀rù tuntun wọlé. Ṣé ẹ rí i, tẹ́lẹ̀, bí ọkọ̀ bá dúró, ó ní ohun kan tó lè rọ̀ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni onííńtánẹ́ẹ̀tì ti jẹ́ kó yé e pé bí ìlà ti Dúdú bá já, géèmù á kọ ọ́ síta pé ẹnìkejì rẹ ti jáde. Ìlà tirẹ̀ náà ti mọ́. Kò wá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ tó máa gba ẹ̀bi. Bí Dúdú bá dá àjẹ̀ dúró láti họ imú, ìyá rẹ̀ á di ẹni tó ń làágùn. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu dígí náà mọ́, ó sì kù kó máa wò ó.

Ó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kan. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ọkọ rẹ̀ kò tíì dé. Ọkọ̀ ti dé ibi tí odò ti pín sí méjì, tí wọ́n ń pinnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà.

"Ẹ jẹ́ ká gba apá ọ̀tún, Màmá, ti òsì yẹn..."

Ohùn dúró. Àjẹ̀ dúró. Omi kò dúró, ẹyẹ kò dúró. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan náà.

Ìyá Onídígí gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èsì. Ó pe orúkọ ọmọ náà sínú ẹ̀rọ. Kò sí èsì. Ó ṣí láìfù Àǹtí Bàtà nínú fóònù ara rẹ̀ láti fi wo ìlà, ojú Àǹtí Bàtà sì mọ́ rekete, ó gbé bàtà pupa kan dání, a lè ka ojú okùn ara rẹ̀. Ó tún gbé àjẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Géèmù kò kọ ohunkóhun síta. Dúdú ṣì wà nínú ọkọ̀, ó jókòó, kò tukọ̀. Ó pe fóònù rẹ̀. Ó dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé bóyá ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kan náà rán an létí omi tó lọ bu mu lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ó dìde. Ta ló fẹ́ pè? Dúdú kò jẹ́ kó mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ òun. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé yìí ló ní ènìyàn ní gbogbo ìlú, ẹni náà ló sì wà ní pálọ̀ tó ń ta bàtà.

"Ìyàwó wa, mo wà lórí láìfù o," ni Àǹtí Bàtà wí láìyíjú.

"Mo mọ̀. Ẹ dákun, ẹ bò ó."

"Kí n bo kí ni? Èèyàn ń..."

"Àǹtí mi."

Ohùn náà ló jẹ́ kó yíjú. Ó rí ojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì yára fi bàtà pupa náà bo ojú fóònù.

"Dúdú ni. Wárápá ló ń ṣe é. Ó ti pẹ́. Ó ti mú un báyìí, òun nìkan ló wà nílé, mi ò sì mọ ẹnikẹ́ni tí mo lè pè."

Ó dúró kí igbe tẹ̀lé e, kó gbọ́ "Yéè!", kó gbọ́ "Irú èyí nínú ilé wa?" Àǹtí Bàtà ò pariwo.

"Àdúgbò wo ló ń gbé?"

Ó sọ fún un, títí dé nọ́ńbà ilé.

"Ẹlẹ́sẹ̀ Ńlá ń gbé ibẹ̀. Tíṣà kan ni, bàtà ọkùnrin ló máa ń rà lọ́wọ́ mi. Mo mọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí. Fún mi ní fóònù tìrẹ."

Tíṣà náà gbé e lójú ẹsẹ̀. Kò bèèrè ìbéèrè púpọ̀. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń sáré, èémí rẹ̀, géètì kan tó ń han, àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà ó ń lu ilẹ̀kùn. "Ó ti ilẹ̀kùn látinú. Kò dáhùn."

"Ẹ ní kó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀," ni Ìyá Onídígí wí. "Kó kan ògiri. Lẹ́ẹ̀mejì. Kó rọra kàn án."

Kó, kó. Kò sí nǹkan.

"Kó dúró díẹ̀. Kó tún un kàn."

Kó, kó. Nínú pálọ̀, iná rogodo ń tàn sí ojú àwọn obìnrin méjèèjì. Àǹtí Bàtà ti di ọwọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, kò sì mọ̀ pé òun dì í mú.

"Mo gbọ́ nǹkan," ni tíṣà wí. "Ó kan ògiri."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan... ó tún kàn án. Ó di méjì."

Ìyá Onídígí jókòó sórí páálí bàtà, páálí náà fọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n.

Nígbà tí tíṣà pe wọ́n padà, Dúdú ti ṣí ilẹ̀kùn, ó ti jókòó, ìgúnpá rẹ̀ bó, orí ń fọ́ ọ, ó sì ń bèèrè lọ́wọ́ àlejò ẹlẹ́sẹ̀ ńlá pé ta ni ẹ́. Ìgbà náà ni Àǹtí Bàtà tó gbé bàtà pupa kúrò lójú fóònù tirẹ̀. Ó wo ojú fóònù náà, ara rẹ̀ sì tutù.

"Ìyàwó wa."

"Kí ló dé?"

"Àwòrán ni bàtà bò. Kò bo ohùn."

Ìlà tó mọ́ náà ti gbé gbogbo ọ̀rọ̀ jáde láìfọ́, láìdúró, dé etí gbogbo ẹni tó wá ra bàtà. Àwọn kan ń gbàdúrà. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ọmọ òun náà rí bẹ́ẹ̀, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyàwó àbúrò bàbá Dúdú kan, tó ń gbé òkè odò, sì ti kọ ọ́ pé, "Dúdú wa kẹ̀? Dúdú tiwa?"

Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ kọjá tí Dúdú kò wọ inú ọkọ̀. Kò gbé fóònù. Ìyá rẹ̀ ń jókòó láago méje, ọkọ̀ ń yí po pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Tíṣà ló ń tipasẹ̀ Àǹtí Bàtà ránṣẹ́: mo rí i tó ń lọ síbi iṣẹ́, mo rí i tó ń ra ọṣẹ, ó kí mi, kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé ọkọ pè, wọ́n sọ ìwọ̀nba tí Dúdú ti ní wọ́n máa sọ. Ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni Àǹtí Bàtà. "Ẹ fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀," ni ó ń wí lórí fóònù. "Àbí kí n ka tiyín náà jáde lórí láìfù?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan jókòó síwájú ọkọ̀. Ìyá Onídígí gbá àjẹ̀ tirẹ̀ mú. Àjẹ̀ iwájú lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì.

Ó gbé tirẹ̀.

"Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́ fún wọn, Màmá," ni ohùn Dúdú wí. "Kì í ṣe bàtà."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Mo ṣì ń bínú o. Ẹ máa tukọ̀."

Wọ́n tukọ̀. Bíbínú tó ń bínú yẹn, ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ bí orin, nítorí ẹni tó ń bínú wà lójú ayé.

Ẹ̀rù kò tíì lọ. Dókítà ti yí oògùn padà, kò sì tíì sí ẹni tó mọ bó ṣe máa ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, wọ́n á ka gbogbo ẹrù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù awò, Ìyá Onídígí kò sì ní délé kí aago mẹ́jọ tó lù. Àǹtí Bàtà ló máa jókòó sí ìdí ọkọ̀. Ó ti ní òun á bẹ̀rẹ̀ láìfù lẹ́yìn aago mẹ́jọ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ ẹ́. Dúdú gbà, ó kàn ní kí wọ́n sọ fún Àǹtí pé kì í ṣe gìgísẹ̀ ni wọ́n fi ń tukọ̀.

Lánàá, Ìyá Onídígí dúró sẹ́yìn àga Àǹtí Bàtà, ó ń kọ́ ọ. Ọkọ̀ ti forí sọ gbogbo àpáta.

"Ìyàwó wa, bí ó bá wá dúró ńkọ́? Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ni?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ni," ni Ìyá Onídígí wí. "Ẹ gbé àjẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá dáhùn, ẹ tún gbé e. Bí kò bá tún dáhùn, ẹ pe tíṣà."

Àǹtí Bàtà gbé àjẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì láti fi dánra wò, ó ń wo omi, kò rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ Ẹtì, láago méje," ni ó wí.